Oúnjẹ àwọn baba ńlá wa fún ẹni tó ń sáré ọ̀nà jíjìn: bí mo ṣe ń tò ó níbí ní Rẹ́mọ

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jí ní aago márùn-ún ìdájí tẹ́ ẹ máa wọ kánfáàsì kí ajá àdúgbò tó mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń mọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí ká tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré sísá, mo rí ìlànà oúnjẹ kan lórí fóònù tí wọ́n ń pè ní paleo, wọ́n ní ká máa jẹun bí àwọn èèyàn ṣe ń jẹun kí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó dáyé, ẹran, ẹja, ẹyin, ẹ̀fọ́, èso, kajú, ó parí. Wọ́n yọ ìrẹsì, wọ́n yọ búrẹ́dì, wọ́n yọ ẹ̀wà àti mílíìkì àti ṣúgà, wọ́n wá tún yọ iṣu àti ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n yọ ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ẹ̀, kí ló tún kù fún un láyé? Síbẹ̀ mo ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, mo fọn, ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí mi, mo ń ya fọ́tò kiri. Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹta mo gbéra láti Ìpẹ̀rù, kílómítà 25 ni mo fẹ́ sá, nígbà tó fi máa di kílómítà 17 ẹsẹ̀ mi ti wúwo bí ẹni gbé ọlọ, òógùn tútù ń bò mí, ojú ń ṣú mi, mo bá kúkú jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nítòsí ibi tí màmá kan ti ń dín àkàrà. Màmá wò mí títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló ń lé ẹ?" Mo ní kò sẹ́ni tó ń lé mi mà, eré ìdárayá ni. Wọ́n ní, "Ìdárayá wo ló ń pààyàn báyìí? Kí lo jẹ kó o tó jáde nílé?" Mo ní ẹyin méjì àti ẹ̀fọ́. Ẹ̀rín tí wọ́n rín, gbogbo oníbàárà ló bá wọn rín in. Wọ́n da dùndú mẹ́rin sínú bébà, wọ́n bu ata lé e, wọn ò gbowó lọ́wọ́ mi. Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí mo dìde tí mo fẹsẹ̀ ara mi rìn délé.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tún oúnjẹ yẹn tò, mi ò pa á tì o, torí ó ní ibi tó ti dáa gan-an, oorun mi gún régé sí i, inú mi ò wú mọ́, mi ò kì í fi ọjọ́ gbogbo wá nǹkan dídùn kiri. Ṣùgbọ́n ohun tó yé mi ni pé iṣu ò ṣẹ̀ wá, gàrí náà ò ṣẹ̀ wá, àsìkò tá a fi ń jẹ ẹ́ là ń ṣì. Ẹni tí kò lọ ibì kankan ló ń jẹ ẹ̀bà bí òkìtì ní aago mẹ́wàá alẹ́, ẹni tó fẹ́ sáré wákàtí mẹ́ta ló ń fi ẹyin méjì jáde. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé.

ÀKỌ́KỌ́: ẹ mọ baba ńlá tẹ́ ẹ fẹ́ fara wé

Ní 1985 ni Boyd Eaton àti Melvin Konner ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ayé àtijọ́ yìí jáde, pé ara wa ò tíì mọ́ ohun tí ilé iṣẹ́ ńláńlá ń ṣe sínú ike àti agolo. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n baba ńlá taa ni? Iṣu funfun tá a ń gún níyán, ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ mú un láti inú igbó wá sóko, ẹ̀wà náà bẹ́ẹ̀, ọ̀pẹ tó ń fún wa lépo pupa náà bẹ́ẹ̀. Ewùrà tá a fi ń ṣe ìkọ́kọrẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn ará Éṣíà ló ti wá, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa ni. Ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ata, tòmátò, gbogbo wọn ló sọdá òkun láti Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí Pọtogí bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa ná ọjà, gàrí gan-an ìgbà tí àwọn Àgùdà (láti Brazil) àti Sàró (láti Sierra Leone) ń padà wálé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ló wá gbilẹ̀ dáadáa láàárín Yorùbá. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, gàrí Ìjẹ̀bú tá à ń fi yangàn yìí, àlejò ni.

Àwọn tó gbẹ́ Erédò Súngbọ́ ńkọ́, yàrà tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú po ní nǹkan bíi kílómítà 160, tó jìn tó mítà 20 láwọn ibòmíì? Wọn ò mọ gàrí, wọn ò mọ búrẹ́dì, ṣùgbọ́n èmi ò gbà pé ẹ̀fọ́ ṣọkọ nìkan ni wọ́n jẹ tí wọ́n fi kó erùpẹ̀ yẹn jáde. Iṣu wà níbẹ̀ dájú.

Nítorí náà òfin tèmi rèé: ohun tó ti inú ilẹ̀, inú igbó, inú omi tàbí orí igi wá tẹ́ ẹ ṣì lè dá mọ̀ lójú, ẹ jẹ ẹ́. Iṣu, ewùrà, kókò, òdùnkún, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọ́ lóríṣiríṣi, ègúsí, ẹja, ìgbín, adìyẹ ìbílẹ̀, ẹran ìgbẹ́ tẹ́ ẹ bá mọ ibi tó ti wá, ẹyin, àgbọn, èso, oyin ìgàn, epo pupa níwọ̀n. Ohun tẹ́ ẹ máa lé lọ ni búrẹ́dì, indomie, bísíkíìtì, sódà, jùsì inú páálí, ẹran inú agolo, àti òróró tẹ́ ẹ fi dín nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀wà, àwọn onípaleo ò fẹ́ ẹ, èmi ò lé e lọ, ta ni mo jẹ́ tí màá fi lé ohun tí àwọn baba mi gbìn? Gàrí àti ìrẹsì, mo ní yàrá kan tí mo fi wọ́n sí, ẹ ó rí i níwájú.

ÌKEJÌ: ẹ ṣe ìṣirò kẹ́ ẹ tó gé nǹkankan kúrò

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, ẹ fọkàn bá mi lọ.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń sáré, ohun tó ń jó lára yín jù tí eré bá le díẹ̀ ni kábù, ìyẹn oúnjẹ afáralókun, ara tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, glycogen ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò ju nǹkan bíi gíráàmù 500 lọ lára ọ̀pọ̀ èèyàn, tẹ́ ẹ bá ń sáré gidi ó lè tán láàárín wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì. Ọ̀rá pọ̀ lára gbogbo wa, kódà lára ẹni tó tín-ínrín, ṣùgbọ́n ó máa ń lọ́ra kó tó jó, òun nìkan ò lè gbé eré tó yá. Ohun tó ṣe mí ní kílómítà 17 yẹn nìyẹn, iná tán lára.

Ẹni tó ń sáré bíi wákàtí kan lójúmọ́ nílò kábù tó tó gíráàmù 5 sí 7 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ara rẹ̀ wọ̀n, ẹni tó ń sáré wákàtí kan sí mẹ́ta nílò 6 sí 10. Ká ní ẹ wọn kílò 60, ẹ sì wà nínú trénìn tó le, ó kéré tán gíráàmù 360 lójúmọ́ nìyẹn. Ẹ wá wò ó, ẹ̀fọ́ tútù gíráàmù 100 ò ní ju bíi gíráàmù 4 kábù lọ, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀fọ́ nìkan kó 360 jọ, kílò 9 lẹ máa jẹ lójúmọ́, ewúrẹ́ gan-an á ní ó tó. Ṣùgbọ́n iṣu sísè gíráàmù 100 ní bíi 27, òdùnkún bíi 20, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n bíi 30, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan bíi 27, ṣíbí ìjẹun oyin kan bíi 17, gàrí gbígbẹ gíráàmù 100 lé ní 80. Ẹ ti rí ibi tí ọ̀nà gbà.

Àwọn kan á ní rárá, ẹ máa jẹ ọ̀rá nìkan, ara máa kọ́ bó ṣe ń jó o. Lóòótọ́ ara ń kọ́ ọ. Louise Burke àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Australia dán an wò lára àwọn tó ń rìn ìrìn ìdíje, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017: ara àwọn tó jẹ ọ̀rá púpọ̀ jó ọ̀rá lóòótọ́, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tí wọ́n nílò fún ìrìn kan náà pọ̀ sí i, eré ìdíje wọn ò sì tẹ̀ síwájú bíi tàwọn tó ń jẹ kábù. Ẹ tún wo àwọn ará Kẹ́ńyà, nígbà tí wọ́n wọn oúnjẹ àwọn sáré-sáré ńlá wọn, nǹkan bíi ìdá 76 nínú ìdá 100 ló jẹ́ kábù, ugali, ìyẹn òkèlè àgbàdo wọn, sì wà lára ẹ̀. Tí àwọn Kẹ́ńyà bá ń jẹ òkèlè, ta ni èmi tí máa ní òkèlè burú?

ÌKẸTA: ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́

Ẹ má gé gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan o. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ kàn yọ sódà, búrẹ́dì, bísíkíìtì àti indomie, kẹ́ ẹ fi iṣu tàbí òdùnkún tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rọ́pò wọn lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ má dín iye kù. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fi ẹ̀fọ́ kún un lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ dín òróró kù. Tí orí bá ń fọ́ yín tàbí ara ń gbọ̀n lọ́sẹ̀ kìíní, ó lè jẹ́ pé iyọ̀ tẹ́ ẹ ń jẹ nínú búrẹ́dì àti indomie ló lọ sílẹ̀ lójijì, ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí ọbẹ̀. Lọ́sẹ̀ méjèèjì yìí ẹ má sá eré tó le, eré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ máa sá, irú èyí tẹ́ ẹ ṣì lè máa bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀.

Ọjà ò sì jìnnà. Ní Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Fálàwọ̀ ní Ṣàgámù ẹ lè fi owó sódà ọ̀sẹ̀ kan ra ẹ̀fọ́ tí ẹ ò ní lè jẹ tán.

ÌKẸRIN: ibi tí ọgbọ́n wà, àsìkò

Ẹ ronú mọ́tò. Ẹni tó fẹ́ wa mọ́tò dé Èkó ló ń rọ epo kún táǹkì, mọ́tò tó wà nílẹ̀ lábẹ́ igi kì í mu epo. Iṣu lepo yẹn.

Kẹ́ ẹ tó jáde. Fún eré tó máa kọjá wákàtí kan ààbọ̀, ẹ jẹun ní bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta ṣáájú, gíráàmù kábù 2 fún kílò ara kan ti tó, ẹni kílò 60 nílò bíi 120. Iṣu sísè gíráàmù 300, bíi ègé mẹ́ta tó nípọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, ṣíbí oyin kan, ó ti pé. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí iṣu. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi epo rẹpẹtẹ sí i, ẹ má jẹ ẹ̀wà, ẹ má jẹ ẹ̀fọ́, torí ọ̀rá àti ìyàngbẹ oúnjẹ máa ń pẹ́ nínú ikùn. Ẹ gbọ́ tèmi: mo jẹ ìkọ́kọrẹ́ alépo, tó ní pọ̀nmọ́, tó ní edé, tó ní ẹja gbígbẹ, láago márùn-ún ìdájí, mo fi aago mẹ́fà jáde. Láàárín Ìkẹnnẹ́ sí Ìlíṣàn mo wọ igbó lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kẹta kò sí igbó mọ́, mi ò ní sọ èyí tó ṣẹlẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kẹ́ ẹ jẹ ẹ́, kó má pẹ́ ju aago méje lọ, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ kéré mú epo.

Tí ẹ ò lè jí láago mẹ́ta láti jẹun (ta ló lè ṣe é lójoojúmọ́?), ẹ jẹ alẹ́ tó ní iṣu dáadáa, tó bá di ìdájí kẹ́ ẹ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan pẹ̀lú ṣíbí oyin kan ní ogún ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kẹ́ ẹ tó jáde, ìyókù ẹ jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà.

Lójú ọ̀nà. Eré tí ò tó wákàtí kan, omi ti tó. Láti wákàtí kan lọ sí méjì ààbọ̀, ẹ wá bẹ́ ẹ ṣe máa rí gíráàmù kábù 30 sí 60 jẹ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn tí ikùn wọn ti mọ́ ọn lè dé 90, ṣùgbọ́n ó ní láti jẹ́ àdàpọ̀ ṣúgà oríṣi méjì, glucose àti fructose, torí ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ ara yàtọ̀ síra. Oyin ní àwọn méjèèjì lápapọ̀, Ọlọ́run ti pò ó sílẹ̀ fún wa. Èmi máa ń sọ ọ́ sínú ọ̀rá kéékèèké tí wọ́n fi ń ta ẹ̀pà, mo dì í le, mo fi eyín fa ìdí ẹ̀ já. Ẹ sì lè se òdùnkún kẹ́ ẹ gé e wẹ́wẹ́, iyọ̀ díẹ̀, sínú ọ̀rá. Dàbínù kéékèèké mẹ́fà ń lọ sí bíi gíráàmù 30, ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ní Sábó ẹ máa rí i. Tẹ́ ẹ bá ní owó gel, ìyẹn ṣúgà kíki inú ọ̀rá kékeré tí wọ́n ń ta fún eléré, ẹ ra gel, kò sí àbùkù, àwọn aṣáájú paleo fúnra wọn gbà fún eléré pé lójú ọ̀nà òfin ti rọ̀, ara tó ń sáré kì í béèrè pé ta ni baba ńlá rẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má dán ohun tuntun wò lọ́jọ́ ìdíje láé, ikùn náà nílò trénìn, ẹ máa jẹ ohun kan náà lórí eré gígùn yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́jọ ṣáájú.

Tẹ́ ẹ bá dé. Yàrá tí mo ní mo fi gàrí sí nìyí o. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ bá parí eré gígùn, iṣan ń fà kábù mu bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń fa òjò àkọ́rọ̀, gíráàmù 1 fún kílò ara kan, pẹ̀lú prótíìnì, ìyẹn oúnjẹ amáradàgbà, bíi gíráàmù 20. Ẹ bu gàrí Ìjẹ̀bú gíráàmù 60 sínú kọ́ọ̀bù, omi tútù, ṣíbí oyin kan, iyọ̀ fínńfín, pẹ̀lú ẹja díndín tàbí ẹja yíyan kan tó tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ ti rí kábù tó lé ní 65, prótíìnì 20, omi àti iyọ̀, nínú ohun tí ìyá àgbà yín mọ̀ dáadáa. Ẹ wá sọ fún mi èwo nínú àwọn ohun mímu olówó gegere yẹn ló ju eléyìí lọ. Tí gàrí kíkan bá máa ń ta yín níkùn, tàbí tẹ́ ẹ ní ọgbẹ́ inú, ẹ lo iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kíkan gàrí wa ò ṣeré, ọjọ́ mélòó kan ló fi ń sùn nínú àpò kí wọ́n tó yan án.

Ìwàǹwára yẹn ṣe pàtàkì fún ẹni tó tún máa sáré nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Tó jẹ́ pé ọjọ́ méjì lẹ máa fi sinmi, ẹ lọ wẹ̀, ẹ jẹun tó bá yá.

Ìyókù ọjọ́. Iye wákàtí tẹ́ ẹ fi sáré, iye yẹn náà ni kẹ́ ẹ fi máa jẹ iṣu, òdùnkún, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹja tàbí adìyẹ. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ padà sílé àwọn baba ńlá: ẹ̀fọ́ rírò tó ṣú dùdù, ìgbín, ègúsí, ọsàn, ìbẹ́pẹ, òkèlè tó kéré ju ọbẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ yí abọ́ náà po, ẹ̀fọ́ àti ẹja gba ìlàjì àti díẹ̀ sí i, iṣu ò ju ìkúùkù yín kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Èyí ló máa ń ṣòro jù fún wa, torí ọjọ́ ìsinmi gan-an ni ayẹyẹ máa ń bọ́ sí.

ÌKARÙN-ÚN: omi àti iyọ̀

Oòrùn ibí ò jọ tìlú òyìnbó, ẹ má ka ìwọ̀n wọn lérí kẹ́ ẹ ní ó parí. Ẹ wọn ara yín láìwọ aṣọ kẹ́ ẹ tó jáde àti tẹ́ ẹ bá dé, kílò kan tó lọ jẹ́ bíi lítà omi kan tó jáde lára. Tó bá ti kọjá ìdá 2 nínú ìdá 100 ìwọ̀n ara yín, ẹ mu púpọ̀ sí i nígbà míì. Tẹ́ ẹ bá sì wúwo ju bẹ́ ẹ ṣe jáde lọ, omi tẹ́ ẹ mu pọ̀ jù, èyí léwu gan-an ju òùngbẹ lọ, torí ó ń jẹ́ kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kéré jù, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orí fífọ́ àti èébì, ó sì ti pa àwọn sáré-sáré rí. Ẹ mu bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ yín.

Omi tí mo ń pò: lítà omi kan, ṣíbí ìjẹun oyin mẹ́ta, ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì iyọ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Ó ní bíi gíráàmù kábù 50, ó ní sodium, èròjà inú iyọ̀, tó lé ní mílígíráàmù 500, èyí tó bọ́ sí àárín ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn nílò ní wákàtí kan. Omi àgbọn dára, ó kún fún potassium, ṣùgbọ́n iyọ̀ tó ń bá òógùn jáde jù ò pọ̀ tó nínú ẹ̀, ẹ fi iyọ̀ kún un. Pajápajá? Àwọn èèyàn máa ń ní iyọ̀ ló tán, nígbà míì bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ ìgbà ẹsẹ̀ ló rẹ̀ ju bí ẹ ṣe kọ́ ọ lọ. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó máa bu iyọ̀.

ÌKẸFÀ: prótíìnì, ẹ̀jẹ̀, àti ọ̀rọ̀ obì

Prótíìnì, gíráàmù 1.2 sí 2 fún kílò ara kan lójúmọ́, ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Ẹyin kan ní bíi 6, ẹja sísè gíráàmù 100 bíi 20, ìgbín bíi 16. Àwa tí ọ̀sà ò jìnnà sí, ẹja tútù láti Ìjẹ̀bú Waterside àti Ẹ̀pẹ́ ò ní wọ́n wa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta páúdà prótíìnì tó wọ́n bí góòlù fún yín kẹ́ ẹ tó jẹ ẹja tán.

Ẹ̀yin obìnrin tó ń sáré, ẹ fojú sí áyọ́ọ̀nù, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ọsàn tàbí ata tútù torí fítámì C ń jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀fọ́ wọ ara, ẹ má mu tíì pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Tí nǹkan oṣù yín bá dáwọ́ dúró tàbí tó ń ṣe ségesège látìgbà tẹ́ ẹ ti ń sáré, ó lè jẹ́ pé ẹ ò jẹun tó, ẹ má dúró, ẹ lọ rí dókítà, eegun ló kàn tó máa fi jìyà. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn kíndìnrín, ẹ má fi ọ̀rọ̀ tèmi yìí ṣe òfin, àtẹ oúnjẹ tiyín gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ dókítà wá.

Obì wá ńkọ́? Ẹni tó bá dàgbà ní Ṣàgámù mọ̀ pé gbànja là ń rùn níbẹ̀, ó ti pẹ́ táwọn Hausa ti ń wá kó o. Kaféènì wà nínú ẹ̀, kaféènì sì ń ran eré ọ̀nà jíjìn lọ́wọ́ lóòótọ́, mílígíráàmù 3 sí 6 fún kílò ara kan, ní bíi wákàtí kan ṣáájú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé awẹ́ obì kan ò dọ́gba pẹ̀lú òmíì, ẹ ò lè wọ̀n ọ́n, bó bá pọ̀ jù àyà á máa já yín, ikùn á máa yí. Baba mi àgbà máa ń jẹ awẹ́ kan kí wọ́n tó lọ sóko, wọ́n ń rìn fún wákàtí méjì, èmi náà máa ń jẹ ìlàjì awẹ́ lórí eré gígùn nìkan, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ọkàn yín ò bá dára, ẹ fi obì sílẹ̀ fún àlejò.

ÌKEJE: ọ̀sẹ̀ ìdíje

Ká ní ẹ fẹ́ sá máráthọ̀nù Èkó, èyí tó ti wà láti 2016, kílómítà 42. Ọjọ́ méjì tó ṣáájú, ẹ pa òfin baba ńlá tì fún ìgbà díẹ̀. Kábù gíráàmù 8 sí 12 fún kílò ara kan lójúmọ́, ẹni kílò 60 máa jẹ 480 ó kéré tán, iṣu nìkan ò lè gbé e, ẹ máa ní kílò kan ààbọ̀ sí méjì láti jẹ. Ìgbà tí ìrẹsì funfun àti iyán àti ọ̀gì pẹ̀lú oyin máa ń wúlò nìyẹn. Ẹ dín ẹ̀fọ́ kù, ẹ pa ẹ̀wà tì, ẹ pa ata tó ń jó tì. Ìwọ̀n ara yín máa lọ sókè bíi kílò kan, ẹ má ṣàníyàn, gíráàmù glycogen kọ̀ọ̀kan ń gbé omi bíi gíráàmù 3 dání, omi tẹ́ ẹ máa lò lójú ọ̀nà ni.

Ẹ sùn sí Èkó lálẹ́ tó ṣáájú, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀nà márosẹ̀ yẹn láago mẹ́rin ìdájí. Ẹ gbé kúlà yín lọ, iṣu tẹ́ ẹ ti sè nílé, ọ̀gẹ̀dẹ̀, oyin, iyọ̀ nínú bébà, torí oúnjẹ hòtẹ́ẹ̀lì ò mọ̀ pé ẹ fẹ́ sáré, ẹ máa dé ibẹ̀ ẹ bá fráìdì ráìsì tó ń wẹ nínú òróró. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ẹ jí, ẹ jẹ ohun tẹ́ ẹ ti ń jẹ lórí eré gígùn yín, ẹ padà sùn díẹ̀ tí oorun bá gbà. Ọ̀rá oyin mẹ́fà nínú àpò ṣòkòtò, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú 40, ẹ má dúró kí ebi tó pa yín. Níbi tí wọ́n bá ti ń pín omi, ẹ mu díẹ̀, ẹ da ìyókù sórí.

Ẹ fi gàrí tó gbẹ dáadáa, ẹja díndín méjì àti kọ́ọ̀bù sọ́dọ̀ ẹni tó máa dúró dè yín níbi ìparí, kẹ́ ẹ sì bẹ ẹni náà kó má jẹ ẹja yẹn.